Orí Keje: Ẹ̀dọ̀ Tó Rọ̀, Ẹ̀dọ̀ Tó Le

Alápatà kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá la inú màlúù, tí ó gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bóyá ẹran náà yóò tà. Ẹ̀dọ̀ tó dára máa ń rọ̀, á máa yọ̀ lọ́wọ́, ọ̀bẹ á sì gba inú rẹ̀ kọjá láìjanpata. Èyí tí aràn ẹ̀dọ̀ ti gbé inú rẹ̀ pẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ti gan, àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ ti nípọn bíi páìpù, ọ̀bẹ á sì máa ta kò ó bí ẹni ń gé kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìyá tó fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ se ọbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́ wò; bí kò bá wọlé, á ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.

Ẹ̀dọ̀ tiwa náà máa ń le bí àìsàn bá pẹ́ nínú rẹ̀. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló wà, ó wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀ nínú àgbàlagbà. Bí nǹkan bá pa á lára, ìbáà jẹ́ kòkòrò hẹpatáítìsì B tàbí C, ìbáà jẹ́ ọtí, ìbáà jẹ́ ọ̀rá tó kóra jọ sínú rẹ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n igi tí a bá ń ṣá lójú kan náà lójoojúmọ́, àpá ni yóò kù níbẹ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ara fi ń di ojú ọgbẹ́ á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n á máa lọ́ mọ́ ara wọn, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di kókó-kókó, tí yóò le gbagidi. Ìpele tó burú jù yìí ni wọ́n ń pè ní sìrósísì. Ó lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀dọ̀ tó dé ibẹ̀, olúwarẹ̀ á sì máa jẹ, á máa mu, á máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, torí pé àpá tó ń gbèrú nínú ẹ̀dọ̀ kì í dunni. Ọjọ́ tí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè, tí omi kún ikùn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́.

Báwo la ṣe máa tẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè wò? Dókítà a máa fi ọwọ́ ṣe é. Á ní kí ẹ mí sínú dáadáa, á sì ti orí ìka rẹ̀ bọ abẹ́ ìhà ọ̀tún láti mọ etí ẹ̀dọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò sì fẹ́ kí ó parẹ́ láàárín àwọn dókítà ọ̀dọ́. Àmọ́ egungun bo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé bí sìrósísì bá ti wọra, ẹ̀dọ̀ sábà máa ń sún kì, á sì sá wọ abẹ́ egungun lọ. Ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ rí i gan-an ni kì í rí i.

Ọ̀nà kejì ni bíọ́pìsì. Wọ́n á ti abẹ́rẹ́ gígùn gba àárín egungun ìhà wọlé, wọ́n á yọ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde, wọ́n á lọ fi maikirosíkópù wò ó. Ó ṣì wúlò púpọ̀, àwọn ìbéèrè kan sì wà tí òun nìkan lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí abẹ́rẹ́ sì yọ kò ju bí ìdá kan nínú 50,000 gbogbo ẹ̀dọ̀ lọ. Ẹ wo oko àgbàdo tó ní ẹsẹ̀ 50,000, tí wọ́n ya ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí wọ́n wá fi ìyẹn sọ bí gbogbo oko ṣe rí. Àpá inú ẹ̀dọ̀ kì í sì í dọ́gba káàkiri. Ta tún ni yóò gbà kí wọ́n máa gún òun bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún?

Onígángan mọ àṣírí tó yọ wá nínú ìṣòro yìí, bí kò tilẹ̀ fi ẹ̀dọ̀ rò ó rí. Bí ó bá fún ọṣán mọ́ ìhà, awọ á le, ohùn á sì ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, awọ á rọ̀, ohùn á wálẹ̀. Awọ tó le máa ń gbé ìgbì sáré ju awọ tó dẹ̀ lọ. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹran ara. Bí a bá ta ẹ̀dọ̀ jìn-ín lójú kan, ìgbì kan á gbéra níbẹ̀, á máa mi ẹran náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn okùn ìsáṣọ lápá kan, tí ìmìtìtì rẹ̀ sá dé apá kejì. A ó máa pè é ní ìgbì ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni ìgbì ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe yára tó. Nítorí náà, ẹni tó bá lè wọn eré ìgbì náà ti mọ líle ẹ̀dọ̀ láìfi ọwọ́ kàn án.

Eré náà kì í tilẹ̀ í ṣe eré púpọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá, ìgbì ẹ̀gbẹ́ ń lọ ní bíi mítà kan àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn ẹni tó ń lọ sọ́jà láìkánjú. Nínú ẹ̀dọ̀ tó ní sìrósísì, á ti di mítà méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró tí ẹ̀rọ síkáànù ń lò, ìyẹn ìró tó ròkè ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ, ń sá ní bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹran ara. Nítorí náà ó lè lọ, kó bọ̀, kó tún lọ, kó tún bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa ya àwòrán ìgbì ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń rìn gbẹ̀rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ á wá sọ eré náà di ìwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní kilopascal, tí a ń kọ ní kPa. Mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ kPa 3. Mítà 2 jẹ́ kPa 12. Mítà 3 jẹ́ kPa 27. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí eré di ìlọ́po méjì, líle di ìlọ́po mẹ́rin.

Elastography ni orúkọ iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1991 ni Jonathan Ophir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé e jáde. Tiwọn kò tíì wọn eré ìgbì. Wọ́n á ya àwòrán síkáànù kan, wọ́n á tẹ ẹran náà díẹ̀, wọ́n á ya òmíràn, wọ́n á wá wo ibi tó tẹ̀ wọlé àti ibi tó kọ̀ tí kò tẹ̀. Àtàǹpàkò ìyá ọlọ́bẹ̀ gan-an nìyẹn: ó lè sọ ibi tó le ju ibòmíràn lọ, kò lè sọ iye tó fi le. Ìlú Paris ni iye ti wá. Laurent Sandrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iléeṣẹ́ Echosens sílẹ̀ lọ́dún 2001, ẹ̀rọ FibroScan wọn sì ń fi orí rẹ̀ gbá ara jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìgbì lè gbéra. Ní yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, Kathryn Nightingale àti ikọ̀ rẹ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn: ìró fúnra rẹ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibì kan ṣoṣo, ló ń ti ẹran náà nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó di ọdún 2004, Jeremy Bercoff, Mickael Tanter àti Mathias Fink, ní Paris náà, ti fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan lé ìgbì ẹ̀gbẹ́ bá, tí líle ẹran ara fi di àwòrán aláràbarà lójú kọ̀ǹpútà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe é, kò sí ohun tó yẹ kó já yín láyà níbẹ̀. Ẹ kò ní jẹun fún wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó gbé apá ọ̀tún sókè orí kí àárín egungun ìhà lè là. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa ibẹ̀, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ lé e, wọ́n á ní kí ẹ dá èémí dúró díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ FibroScan ni, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni fi ìka ta yín ní pẹ́ẹ́. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á mú iye tó bọ́ sí àárín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ ó sì dìde, ẹ ó lọ jẹun. Ibi tí ẹ̀rọ náà kà nínú ẹ̀dọ̀ fi bí ìlọ́po 100 ju ohun tí abẹ́rẹ́ bíọ́pìsì ń yọ lọ.

Nọ́ńbà tó bá jáde ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kPa 5. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2024 fún hẹpatáítìsì B sọ pé bí ó bá ti lé ní kPa 7, àpá tó nítumọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí ó bá lé ní 12.5, kí dókítà máa ro sìrósísì. FibroScan lè kà á dé 75.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo da ara yín láàmú. Kì í ṣe àpá nìkan ló ń mú ẹ̀dọ̀ le. Ká sọ pé ọkùnrin kan jẹ iyán yó ní aago mẹ́sàn-án, tí wọ́n wọn ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ máa ń rọ́ gba inú ẹ̀dọ̀, á fún un pa, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀dọ̀ tí hẹpatáítìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ru sókè nínú rẹ̀ náà á wú, á sì le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn wọ ẹ̀dọ̀. Omi inú ikùn máa ń pa ìgbì tó ń bọ̀ láti ìta, torí ìgbì ẹ̀gbẹ́ kì í rìn nínú omi. Ẹni tó sanra nílò orí ẹ̀rọ mìíràn tó lè kà jìnnà. Mo ti rí i tí èèyàn ń sunkún nítorí ìwé àyẹ̀wò tó jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ ló bà á jẹ́. Nọ́ńbà tó bá dẹ́rù bani yẹ ní títún wọ̀n, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kókó inú ẹ̀dọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ni pé ó ń le. Obìnrin tó ń yẹ ọmú ara rẹ̀ wò, kókó líle ló ń wá, elastography sì ti rí iṣẹ́ gidi ṣe lórí ọmú. Nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀rọ̀ kò tò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá, bí èyí tó ṣẹ̀ láti ìfun ńlá, sábà máa ń le ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ. Jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro le gan-an, torí okùn àpá ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ hù, èyí tí hẹpatáítìsì B ń fà nílẹ̀ wa, kì í ní okùn bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú. Sẹ́ẹ̀lì tó há mọ́ra ló pọ̀ níbẹ̀. Orí ẹ̀dọ̀ tó ti ní sìrósísì ló sì sábà máa ń hù sí, ẹ̀dọ̀ tó ti le bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Nítorí náà, ó lè hàn lójú ẹ̀rọ bí ibi tó rọ̀ láàárín ibi tó le. Ẹni tó bá ń wá líle nìkan á gba ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ náà kọjá.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn kókó kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí kò lè pani. Èyí tó jẹ́ ìdìpọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń rọ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó ní àpá láàárín rẹ̀ bí ìràwọ̀, ìyẹn lè le dáadáa, kò sì ní í pa olówó rẹ̀. Nọ́ńbà kókó rere àti nọ́ńbà kókó búburú ń gorí ara wọn. Kódà àwọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ kò ṣọ̀kan: pupa ni iléeṣẹ́ kan fi ń kun ibi tó le, búlúù ni iléeṣẹ́ mìíràn ń lò. Ẹni tó bá rí pupa nínú àwòrán síkáànù rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. Elastography nìkan kò tó láti pe kókó ẹ̀dọ̀ ní jẹjẹrẹ, kò sì tó láti dá a láre.

Ohun tó ń tú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yìí fó ni bó ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú òpó tó ń ti ìfun bọ̀. Jẹjẹrẹ náà ń gba tirẹ̀ láti inú òpó tó ń ti ọkàn bọ̀. Bí wọ́n bá fa oògùn aláwòrán sínú iṣan apá, tí wọ́n ya àwòrán CT tàbí MRI léraléra láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kókó jẹjẹrẹ á kọ́kọ́ tàn yòò ṣáájú ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà á ṣókùnkùn nígbà tí ẹ̀dọ̀ ṣì ń tàn. Àwòrán yìí ni kí ẹ béèrè bí síkáànù bá rí kókó nínú ẹ̀dọ̀ yín.

Èyí kò sọ pé elastography kò wúlò fún ẹni tó ní kókó. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ gé apá kan ẹ̀dọ̀ kúrò, líle apá tí yóò kù ló ń sọ bóyá ìyẹn á lè dá gbé ara. Ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ á tún hù. Èyí tó le koko lè dákú lórí iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá sì fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó kókó náà láti inú, ibi tí iná ti dé á le bí ẹyin tí a sè, ẹ̀rọ sì lè fi ààlà rẹ̀ hàn.

Síbẹ̀, ìdáhùn tó dára jù tí elastography ní lórí jẹjẹrẹ kò sí nínú kókó rárá. Inú ilẹ̀ tí kókó ń hù lé ló wà. Lọ́dún 2009, àwọn dókítà ní Japan gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn 866 tó ní hẹpatáítìsì C. Wọ́n ti wọn ẹ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Nínú àwọn tí nọ́ńbà wọn lé ní kPa 25, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi ohun tó lé ní ìlọ́po ogójì ju ti àwọn tí tiwọn kò kọjá 10 lọ. Jẹjẹrẹ náà kò tíì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n wọ́n. Ilẹ̀ tó le ló ti ń kéde irè tó ń bọ̀. Ní tèmi, ohun tí ẹ̀rọ yìí wá ṣe láyé nìyẹn: ká mọ ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ mójú kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n máa fi síkáànù wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí kókó tó bá yọ lè kéré tó ohun tí a lè gé tàbí jó.

Àfikún kan wà tí àwa gan-an kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Hẹpatáítìsì B lè fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ tí kò tíì le, láìsí sìrósísì kankan, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí ló mú kí ìlànà àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn tó ti Áfíríkà wá tí wọ́n ní kòkòrò yìí, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ogbó bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn mìíràn. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu náà ń dá kún un, torí oró inú èébu yẹn máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nítorí náà, nọ́ńbà tó kéré kì í ṣe ìwé àṣẹ láti lọ sùn.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 rí hẹpatáítìsì B lára bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ ètò àwọn ọmọdé nílẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀rọ tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ wọ́n, kò sì sí ní ilé ìwòsàn gbogbo. Ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà: ètò ìwádìí PROLIFICA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ní Gambia, Senegal àti Nàìjíríà, lò ó ní Gambia láti yẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ará ìlú wò. Níbi tí kò bá sí, ohun tó wà nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, ẹ́ńsáìmù AST àti iye pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì, ṣeé fi ṣírò ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní APRI. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i, dókítà ìletò sì lè ṣe é lórí bébà.

Líle ẹ̀dọ̀ sì ṣeé yí padà. Nínú àwọn èèyàn 96 tí hẹpatáítìsì B ti sọ ẹ̀dọ̀ wọn di sìrósísì, tí wọ́n lo oògùn tenofovir fún ọdún márùn-ún, 71 ni bíọ́pìsì fi hàn pé wọn kò ní sìrósísì mọ́. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Oníkóró kan ṣoṣo lójúmọ́ ni oògùn náà.

Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò hẹpatáítìsì B rí, ẹ lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ó wà lára yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe le tó, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti wákàtí tí ẹ jẹun kẹ́yìn. Ẹ mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá padà lọ.